Òdòdó Tí Kò Lórúkọ ní Ìdí-Ìyeyè

Ẹjọ́ tí ó wọ ààfin Baálẹ̀ Ìdí-Ìyeyè lánàá kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ọdún yìí, ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀, ni ó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Àlàájà Mọ̀dínátù ṣí agolo mílíìkì tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lójú fèrèsé. Ó ti pé ọdún méjì tí ọkọ náà ti ṣaláìsí. Awakọ̀ akẹ́rù ni nígbà ayé rẹ̀, kò sì sí ìlú tí ó dé tí kì í mú èso nǹkan kan bọ àpò. Ata ni o, tẹ̀tẹ̀ ni o, òdòdó ojú ọ̀nà ni o, inú agolo kan ṣoṣo ni ó ń da gbogbo wọn pọ̀ sí, kò sì kọ nǹkan kan sí i lára.

Àlàájà da gbogbo rẹ̀ sínú táyà ògbólógbòó kan tí ó kún fún erùpẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó bomi rin ín, ó sì padà sídìí ètò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ní Sátidé ọjọ́ kejìlá oṣù náà ni Nùrẹ́nì, àkọ́bí rẹ̀, gbé Súmbọ̀ wọlé níyàwó.

Tẹ̀tẹ̀ hù, wọ́n jẹ ẹ́. Ata hù, wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ̀kẹta hù, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ó ga dé ìbàdí ènìyàn, ó yẹ̀ka, ó sì tanná. Kò sí ohun mìíràn tí ó hù nínú èso agolo náà mọ́, Àlàájà kò sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ó já ẹ̀ka kan lọ bá àwọn ọlọ́dòdó ẹ̀bá títì ní Òkè-Odò. Kí ó tó débẹ̀, òdòdó orí rẹ̀ ti ká kò bí ẹni tí oorun gbé lọ, àwọn ọlọ́dòdó mẹ́ta sì pè é ní orúkọ mẹ́ta. Zikrullah, àbíkẹ́yìn rẹ̀, fi fóònù yà á kí fóònù lè wá orúkọ rẹ̀. Fóònù náà ní ẹ̀fọ́ ni. Ó tún un yà, fóònù ní igi ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Ọ̀gbẹ́ni Julius, aládùúgbò tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kọjú sí ògiri náà, fi wí fún Baálẹ̀ pé gegemu ni, ewéko tí ń da orí ènìyàn rú, pé ewúrẹ́ òun jẹ nínú rẹ̀, ó sì fi ọjọ́ méjì sùn. Baálẹ̀ Ọláfimíhàn dáhùn pé bí òun kò bá gbọ́ orúkọ ewéko náà títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí a fà á tu. Ẹ̀yin sì mọ Baálẹ̀ wa: bí ó bá ti sọ̀rọ̀, kì í pọ́n ọn lá.

Àná ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Gbogbo ìgbìmọ̀ rò pé Àlàájà yóò wá bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan sí i. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó jókòó ṣinṣin, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì ní ẹjọ́ ni òun mú wá.

“Ta ni ẹ pè lẹ́jọ́, Àlàájà?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Kí ni ó ṣe?”

“Ó mọ orúkọ òdòdó mi, Baálẹ̀, ó sì ń wò mí níran.”

Gbogbo ojú yí sí Súmbọ̀, tí ó kúnlẹ̀ lórí ẹní pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, nítorí pé láti iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà ni wọ́n ti pè é. Àlàájà rò ó fún wọn bí òun ṣe gbọ́ ọ lórí fóònù ní Sátidé, tí ó ń wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òdòdó kan wà nílé ọkọ òun tí ó jẹ́ irú èyí tí bàbá àwọn ń tà kí ó tó kú. Òun bi í léèrè orúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dorí kodò, ó ní kí ìyá ọkọ òun jọ̀wọ́, òun kò lè wí i.

“Ìyàwó,” ni Baálẹ̀ wí, “òótọ́ ni o mọ̀ ọ́n?”

“Bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi, Bàbá. Òun ni bàbá mi tà tí ó fi rán mi lọ sí ilé ìwé.”

“O mọ̀ pé a óò fà á tu lónìí bí a kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀?”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

“Kí ni ó wá dé tí o kò wí?”

“Mo bá a nílé ni.”

Baálẹ̀ yí etí kejì sí i. “Ta ni o bá nílé?”

“Òdòdó náà, Bàbá. Ọkọ mi ni.”

Abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ Olóyè Ọmọ́níyì, tí ó jókòó sí ọ̀tún Baálẹ̀, dúró lójú òfurufú. Nùrẹ́nì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ọkọ rẹ̀, ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Súmbọ̀ kò gbé ohùn sókè. Ó ní ọjọ́ tí òun wọlé, bí wọ́n ṣe ń da omi sí òun lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ni ìyá ọkọ òun fa òun létí, tí wọ́n ní òun kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí òun bá nínú ilé náà, pé ohun gbogbo tí ó ti ń mí níbẹ̀ kí òun tó dé, ọkọ òun ni.

“Mo béèrè, Bàbá, kí n má baà ṣìṣe. Mo ní, ‘Màmá, títí kan ewúrẹ́?’ Wọ́n ní títí kan ewúrẹ́. Mo ní, ‘Títí kan ohun tí a gbìn?’ Wọ́n ní títí kan ohun tí a gbìn.”

“Àlàájà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀?”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀,” ni Àlàájà wí. “Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ni.”

“Inú dídùn ni ó sọ ọ́, òfin ni ó dà.”

Láti oṣù mẹ́ta ni Àlàájà ti ń fi ìyàwó yìí yangàn lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí orúkọ ẹbí ọkọ kan tí ó tí ì jáde lẹ́nu rẹ̀. Zikrullah tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ, Bọ̀dá Akọ̀wé ni ó ń pè é, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ kan tí Bọ̀dá Akọ̀wé kì í rán an lọ ra búrẹ́dì kí ó tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Àkùkọ pàápàá, Bàbá Ají-kígbe ni. Ojú Àlàájà wá dà bí ojú ẹni tí ó tọ́ ajá dáadáa, tí ajá náà wá dènà mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀.

Zikrullah na ọwọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le, kí ìyá òun sáà yọ̀ǹda fún ìyàwó kí ó pe ẹyọ kan yìí.

“N kò yọ̀ǹda,” ni Àlàájà wí. “Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi pa òfin yìí mọ́ nílé bàbá yín. Òfin tí a bá tú fún òdòdó lówùúrọ̀, a óò tú u fún ènìyàn lálẹ́.”

“Bí Màmá bá ní kí n wí, màá wí,” ni Súmbọ̀ wí wẹ́rẹ́. “Bí wọn kò bá sì ní kí n wí, ẹnu mi kọ́ ni wọn yóò ti gbọ́ ọ.”

Ibẹ̀ ni Olóyè Ọmọ́níyì, ẹni tí kò sí òfin tí kì í rí ihò níbẹ̀, ti dá sí i. Ó rán wọn létí pé àwọn tí ìyàwó bá nílé ni ó ń pè ní ọkọ. Àwọn tí a bá bí lẹ́yìn tí ó dé, ọmọ ni wọ́n jẹ́ fún un, ó sì lè pe orúkọ wọn tẹ̀rín tọ̀yàyà.

“Gbígbìn kì í ṣe ìbí,” ni ó wí. “Inú ilẹ̀, inú ìyá ni. Ọjọ́ tí ó yọrí ni a bí i. Bí ó bá yọrí ṣáájú Sátidé ìgbéyàwó, ọkọ ni. Bí ó bá yọrí lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ni, kí ìyàwó dárúkọ rẹ̀ kíá, kí a lọ jẹun.”

Baálẹ̀ béèrè lọ́wọ́ Súmbọ̀. Ó ní omi tí wọ́n dà sí òun lẹ́sẹ̀ kò jẹ́ kí òun rí inú táyà. Ọ̀gbẹ́ni Julius dìde ní tirẹ̀, ó ní láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òun ni òun ti rí i, ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ìgbéyàwó, lẹ́yìn òjò ńlá kan. Zikrullah ní irọ́ ni, ọjọ́ Jímọ̀ tí ó ṣáájú ìgbéyàwó ni, nítorí pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa níbi tí àwọn ti ń pàgọ́.

“Ó dára,” ni Baálẹ̀ wí. “Kí n mọ̀ bí ohun kan náà ni ẹ jọ ń rí. Ọ̀gbẹ́ni Julius, àwọ̀ wo ni òdòdó rẹ̀?”

“Ó rí bí ìyeyè tí ó pọ́n, Baálẹ̀.”

“Zikrullah?”

“Pupa ni, Bàbá. Pupa yòò.”

“Nùrẹ́nì, ìwọ ọkọ ìyàwó, èwo ni ìwọ rí?”

Nùrẹ́nì, ẹni tí ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí, tí kì í sì í wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, tún ilẹ̀ wò. “Bàbá, kò ní òdòdó rárá. Ewé lásán ni.”

“O ń gbé nínú ilé náà?”

“Mo ń sùn níbẹ̀, Bàbá.”

Baálẹ̀ wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí. Ó ní bí ọ̀ràn bá pa ènìyàn lójú àwọn ẹlẹ́rìí báyìí, a óò sin ẹni tí kò kú. Súmbọ̀ ni ó gbà wọ́n. Ó ní gbogbo wọn ni ó sọ òótọ́. Ẹni náà kì í tanná lówùúrọ̀. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù ni ó ń là, tí oòrùn òwúrọ̀ bá sì kàn án, á ká kò. Ọkọ tí ó gbé òun níyàwó sì nìyí, kì í sí nílé nígbà tí ẹni náà bá ń ṣoge. Bí ó bá sì padà dé, òkùnkùn kì í jẹ́ kí ó rí i. Ní ti àwọ̀, orí igi kan ṣoṣo ni ó ti ń so oríṣi méjì: pupa kọjú sí yàrá Bọ̀dá Akọ̀wé, àwọ̀ ìyeyè sì kọjú sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

“Kí ni ìwọ wá ń pè é?” ni Olóyè Ọmọ́níyì béèrè.

“Bọ̀dá Aṣoge-Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń pè wọ́n, Bàbá. Mo máa ń kí wọn bí mo bá tibi iṣẹ́ dé.”

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín títí abẹ̀bẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ ẹni méjì. Ọ̀gbẹ́ni Julius nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun yòówù kí ìyàwó máa pè é, ewúrẹ́ òun jẹ nínú rẹ̀, ó sì fi ọjọ́ méjì nà gbọọrọ.

“Ewúrẹ́ náà dà báyìí?”

“Ó wà nílé, Baálẹ̀. Ó bímọ méjì lọ́sẹ̀ tí ó kọjá.”

“Òdòdó ni ó fún un lóyún?”

Ọ̀gbẹ́ni Julius jókòó. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ìjọba tí ó ti fẹ̀yìntì ni, kì í jókòó pẹ́. Ó tún dìde, ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, Baálẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n sọ pé orúkọ ni àwọn fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé. Òun kò sì tí ì gbọ́ orúkọ.

Òótọ́ ni ó sọ, Baálẹ̀ sì mọ̀. Gbogbo rẹ̀ wá di ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

“Àlàájà, ẹ̀yin ni ẹ gbìn ín. Jímọ̀ ni àbí Ajé?”

Àlàájà mọ ohun tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan yóò fà. Bí ó bá ní Ajé ni, ìyàwó yóò ya ẹnu, orúkọ yóò jáde, òdòdó yóò dúró, òfin ilé rẹ̀ kò sì ní í fọ́. Ọ̀gbẹ́ni Julius tí ó fẹ́ fà á tu ti jẹ́rìí sí Ajé láìmọ̀ pé òun ń ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ kò gbé e. Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni ó ń rí: omi àlùwàlá kò tí ì gbẹ lápá rẹ̀, ilé kún fún ìkòkò àyálò àti àwọn ènìyàn tí ń pariwo, òun nìkan ni ó bẹ̀rẹ̀ síbi táyà.

“Jímọ̀ ni,” ni ó wí. “Ewé méjì péré ni ó yọ. Mo kí i.”

“Ẹ kí i?”

“Mo sálámà sí i. Mo rò pé ẹni tí ó ni agolo ni ó kọ́kọ́ dé síbi ìgbéyàwó.”

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ dá ẹjọ́ òdòdó rẹ̀, ó sì mọ̀. Baálẹ̀ tẹ orí bá àwọn olóyè rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nígbà tí ó sì gbé orí sókè, ó ti di ìdájọ́.

“Ìyàwó kò jẹ̀bi. Ó bá a nílé, kò gbọdọ̀ pè é. Ẹ̀yin ni ẹ jẹ̀bi, Àlàájà.”

“Èmi, Baálẹ̀?”

“Ta ni ó gbìn ín?”

“Èmi ni.”

“Ta ni ó ń fún un lómi?”

“Èmi ni.”

“Ta ni ó kí i káàbọ̀ nígbà tí ó dé ayé?”

“Èmi náà ni.”

“Ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ wá ńkọ́?” Baálẹ̀ na ìka sí i. “Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ dé sílé yín lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹjọ pé, ẹ kò sọ ọ́ lórúkọ. Oṣù mẹ́ta ni ẹ fi gbé e kiri Òkè-Odò, tí ẹ ń bi àwọn tí kò bá yín rọbí léèrè ohun tí ó ń jẹ́. Ta ni ó ń bímọ, tí ó ń lọ bi ọlọ́jà pé kí ni orúkọ ọmọ òun?”

Olóyè Ọmọ́níyì ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

“Orúkọ tí àwọn ọlọ́dòdó ń pè é, orúkọ ìran rẹ̀ nìyẹn,” ni Baálẹ̀ ń bá a lọ. “Mo ní mo fẹ́ gbọ́ orúkọ. N kò sọ pé orúkọ ìran ni. Kí n tó dìde lórí àga yìí, ẹ sọ ọmọ yín lórúkọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Ọ̀gbẹ́ni Julius lọ mú ọkọ́.”

Ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Olóyè Ọmọ́níyì ní kí ó jẹ́ Abíọ́nà, nítorí pé ojú ọ̀nà ni wọ́n ti rí èso rẹ̀. Zikrullah dárúkọ agbábọ́ọ̀lù kan. Ọ̀gbẹ́ni Julius pàápàá gbàgbé pé ọ̀tá ni òun, ó ní Sámúẹ́lì kò burú. Gbogbo orúkọ tí ó wá sí Àlàájà lọ́kàn ni ó ti ní ẹni tí ń jẹ́ ẹ. Baálẹ̀ ti gbé apá kan ìdí kúrò lórí àga.

Àlàájà yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Kí ni o ní o ń pè é?”

“Aṣoge-Ìrọ̀lẹ́, Màmá.”

Àlàájà sọ ọ́ lọ́kàn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ rẹ̀ náà, bí ó bá ti ìrìn-àjò dé, ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń wẹ̀, tí yóò wọ jalamíà funfun, tí yóò gbé àga síta kí ará àdúgbò lè rí i. Súmbọ̀ kò mọ̀ ọ́n rí.

“Òun náà ni orúkọ rẹ̀,” ni Àlàájà wí. “Aṣoge-Ìrọ̀lẹ́.”

Baálẹ̀ padà jókòó. Ó ní òun ti gbọ́ orúkọ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Julius máa gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ rẹ̀ wá sínú táyà náà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, títí ewúrẹ́ yóò fi san ohun tí ó jẹ. Ní ti Zikrullah, ó ní nínú gbogbo ọkọ tí ìyàwó yìí bá nílé, òdòdó nìkan ni a rí iṣẹ́ rẹ̀, òun ni ó rán ìyàwó lọ sí ilé ìwé. Nítorí náà, bí aago mẹ́rin bá ti lù, kí Bọ̀dá Akọ̀wé máa pọn garawa omi kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Baálẹ̀, mo jù ú lọ,” ni Zikrullah wí.

“Nínú kí ni?”

Zikrullah béèrè pé garawa wo.

Wọ́n jáde. Níwájú ẹnu ọ̀nà ààfin, Àlàájà dúró láti wọ bàtà, Súmbọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé e fún un. Àlàájà gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

“Súmbọ̀.”

“Màmá.”

“Láti òní lọ, Zikrullah ni kí o máa pe Zikrullah. Bí ó bá sì tún rán ọ ní búrẹ́dì, wí fún un pé mo ní kí ó lọ rà á fúnra rẹ̀.”

Súmbọ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kò tètè dìde. Ó wá rọra béèrè pé ṣé òun lè wí ti ẹni kejì náà fún wọn nísinsìnyí, orúkọ tí bàbá òun ń pè é.

Àlàájà tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó bọ́ sójú ọ̀nà.

“Ìyẹn ni kí o má wí,” ni ó wí. “Ó ti lórúkọ.”